Ẹ́ńjìnì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

   

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò, nítorí òun ni mo máa ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọkọ̀ bọ̀gìnnì tuntun ni mo fẹ́ ròyìn, kó má bínú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni mo gbé wá: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí àwọn ọ̀dọ́ ń yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i, tí wọ́n sì ń yí iná iwájú rẹ̀ padà. Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣe é, tàbí tó ń fi ṣe àlá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi mú délé: ẹni tó fẹ́ fi agbára kún ọkọ̀, ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró àti ohun tí yóò fi ríran ni kó kọ́kọ́ náwó lé lórí. Ẹ́ńjìnì ló yẹ kó kẹ́yìn.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ká tú u wò.

Ara eléré, ọkàn alágbàárù

Ní ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ Nissan gbé Silvia kan jáde ní Japan. S13 ni àwọn onímọ́tò ń pè é. Ọkọ̀ kékeré ni, kò wúwo, ẹ́ńjìnì ń bẹ níwájú, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Nígbà tí wọ́n máa kó o lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní 240SX, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀ bí ọkọ̀ ọdún 1989. Ara kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun méjì yàtọ̀, ohun méjì yìí ló sì dá gbogbo ìtàn náà sílẹ̀: ẹ́ńjìnì àti iná iwájú.

Ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi sí ti Amẹ́ríkà, KA24E, jẹ́ lítà 2.4, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 140. Ní ọdún 1991, KA24DE rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì gòkè dé 155. Ẹ́ńjìnì tó ní láárí ni, irin líle ni bulọ́ọ̀kù rẹ̀. Kódà, Nissan fi KA24E yìí sínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ẹ wá wò ó: ọkọ̀ tó ní ara eléré, tó sì ní ọkàn alágbàárù!

Ó dun àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, torí wọ́n mọ ohun tí àwọn ará Japan ń gùn. Láti ọdún 1991, Silvia onítọ́bò ní Japan ń lo SR20DET. Lítà 2 péré ni, síbẹ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 205 lọ́nà tí àwọn ará Japan ń gbà wọ̀n ọ́n. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Tọ́bò ni. Èéfín gbígbóná tó yẹ kó gba sàléńsà jáde lásán, òun ni wọ́n fi ń yí fáànù kékeré kan. Fáànù yẹn ń yí ìkejì rẹ̀, ìkejì sì ń ki afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, epo púpọ̀ sí i, agbára púpọ̀ sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí wọn ò kó odindi Silvia láti Japan? Òfin ni ò gbà. Láti òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1988, ọkọ̀ tí wọn ò ṣe ní ìlànà ààbò tiwọn ṣòro láti kó wọlé, àfi tó bá pé ọdún 25. Silvia ọdún 1989 ò lè rọ́wọ́ wọlé fàlàlà títí di ọdún 2014. Ẹ́ńjìnì nìkan ló rọrùn láti rà.

Ẹ́ńjìnì náà sì pọ̀ lọ́jà. Ní Japan, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní shaken. Ọkọ̀ tuntun á kọ́kọ́ ṣe é lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà á máa ṣe é ní ọdún méjì méjì. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ọkọ̀ mìíràn kí tiwọn tó gbó. Àwọn oníṣòwò á gé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí méjì, wọ́n á kó iwájú pẹ̀lú ẹ́ńjìnì sínú kọ̀ntéínà, ó di òkè òkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ládìpọ̀ ní Mushin, mi ò ní láti ṣàlàyé irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún yín. Tòkunbọ̀ wọn, tòkunbọ̀ wa, ọjà kan náà ni.

Ẹ́ńjìnì kì í dá wá

Ẹ́ńjìnì dà bí ìyàwó tuntun. Kì í dá wọlé, tẹbí tẹbí ló ń wá. SR20DET á mú gíáàbọ́ọ̀sì tirẹ̀ wá, á mú wáyà tirẹ̀ wá, á sì mú ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní búréènì bọ́ọ̀sì wá, èyí tó ń sọ ìgbà tí epo yóò wọlé àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná.

Nínú S13, ibi tí ẹ́ńjìnì yóò jókòó sí kì í ṣe ìjà, nítorí irú ara ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ń gbé e ní Japan. Wáyà ni ẹjọ́. Wáyà ọkọ̀ Japan àti ti Amẹ́ríkà kò bá ara mu délẹ̀délẹ̀, ẹni tó mọ ìwé wáyà kà ni kó jókòó tì í. Ẹni tó bá ń fi ẹnu tọ́ ọ wò, tó ń so pupa mọ́ aláwọ̀ ewé, ìṣòro ló ń gbìn. Lẹ́yìn wáyà, pọ́ǹpù epo àtijọ́ ò ní tó, torí ẹ́ńjìnì onítọ́bò ń mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí epo ò bá tó, tí afẹ́fẹ́ sì pọ̀, iná inú ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà, písítìn á jó. Rédíétọ̀ náà gbọ́dọ̀ lágbára sí i, kílọ́ọ̀shì náà bẹ́ẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, àkísà rẹ̀ pọ̀. Rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì ti le, ó ti ń sán. Búṣì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ. Ìdóògún ti wọ abẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń pa mọ́ra nígbà tí ẹṣin 140 ń fà wọ́n jẹ́jẹ́. Bí 205 bá dé, àṣírí á tú.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì wa, ẹ ò ní gbàgbé ohun tẹ́ ẹ kọ sójú pátákó. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó wà nínú ohun tó ń sáré kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan, ìlọ́po mẹ́rin agbára èyí tó ń sá 60 ló gbé lọ́wọ́, bíréèkì ló sì gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ di ooru kí ọkọ̀ tó dúró. Nítorí náà ni àwọn tó gbọ́n nínú àwọn olówó 240SX ṣe máa ń lọ wá bíréèkì Nissan 300ZX, tó tóbi ju tiwọn lọ, kí wọ́n tó tẹ ọkọ̀ náà dé ìdí. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rèé o: ẹ́ńjìnì tó ju bíréèkì lọ, ẹni tó wà níwájú ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá títì.

Ọ̀rọ̀ iná

Iwájú 240SX àkọ́kọ́ rẹlẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ò sì gbà kí iná iwájú wà nísàlẹ̀ jù. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni pé kí iná fara pamọ́ sínú bọ́dì. Bí awakọ̀ bá tàn án, á dìde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Silvia ti Japan ò rí bẹ́ẹ̀, iná tirẹ̀ hàn gbangba, ó sì rẹwà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra odindi iwájú Silvia: iná, fẹ́ńdà, bọ́ńẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà. Ní Japan gan-an, wọ́n ń fi iwájú Silvia sára 180SX tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n sì ń pe àdàlù náà ní Sileighty.

Ó dára lójú. Àmọ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Japan. Ilé iṣẹ́ tó ṣe iná wọn dá a kí ìmọ́lẹ̀ gòkè díẹ̀ lápá òsì, kó lè fi etí títì han awakọ̀, kó sì rẹlẹ̀ lápá ọ̀tún kó má bàa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbé iná yẹn dé ibi tí wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún, ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an ló ń gòkè sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn olùkọ́ wa kan jókòó síbí tí wọ́n rántí ọjọ́ náà dáadáa. Títì wa yí padà, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n tú lára ọkọ̀ Japan àti ti Ìlú Ọba kò mọ̀ pé a ti yí. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kó dojú kọ ògiri, kẹ́ ẹ tan iná kékeré, kì í ṣe fúùlù. Ẹ wo etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà. Bó bá gòkè lápá òsì, ti òpópónà wa kọ́ o. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ gílóòbù. Wọ́n ṣe àwo iná àtijọ́ yíká fọ́nrán tín-ín-rín tó wà nínú gílóòbù halogen. Bí ẹnìkan bá fi xenon tàbí LED sínú àwo yẹn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde ti yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri. Awakọ̀ á rò pé òun ń ríran nítorí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ọ̀kánkán ò tàn tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ sì ti fọ́jú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹni tí iná bá ti gún lójú lóru, òkèèrè wo ló fẹ́ wò?

Ìkẹta, wáyà ilé iṣẹ́ wà fún gílóòbù wọ́ọ̀tì 55. Ẹni tó bá fi 100 sí i, iná tó ń gba inú wáyà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Wáyà tó ti gbó á gbóná, á yọ́, ó sì lè gbiná. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná rẹ̀ tàn dáadáa, kó kọ́kọ́ fọ awò tó ti di pupa, kó pààrọ̀ wáyà, kó fi rílè àti fíúsì sí i láti ìdí bátìrì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò tún ní nílò nǹkan mìíràn mọ́.

Kí ẹ tó yọ ti àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù kí n jókòó. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ sì lọ yí ìwé. Bí ẹ́ńjìnì olè bá wà nínú ọkọ̀ yín, àlàyé ò ní tán lẹ́nu yín.

Èkejì, ẹ tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá yọ. Nígbà kan, 240SX kò wọ́n rárá. Nígbà tí eré ìdárayá fífi táyà ẹ̀yìn yọ̀ gbilẹ̀, tí ìdíje Formula Drift sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, gbogbo ọmọ eléré ló ń wá a. Wọ́n gé e, wọ́n lu ú mọ́ ògiri. Lónìí, èyí tó ṣì ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ti di ọ̀wọ́n, àwọn tó tà á bí irin àlòkù sì ń ká àbámọ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ dá àwọn ọmọ lọ́wọ́ kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ẹ̀kọ́ físíìsì àti wẹ́dà àti ríwáyà ló wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá wá tọrọ owó ẹ́ńjìnì, ẹ má lé e. Ẹ bi í pé: bíréèkì ńkọ́? Táyà ńkọ́? Iná rẹ, ta ló ń fọ́ lójú? Bó bá dáhùn dáadáa, ẹ fún un lówó.

 Bí ẹ bá ń padà lọ sílé lóru òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín iná kù fún ẹni tó ń bọ̀. Olúwa á sọ yín délé, á sì tún kó wa jọ ní àlàáfíà. Àmín.