"Put off" kì í ṣe "call off"

"Put off" la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí.

Ìníṣà ni mò ń gbé nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Iléeṣẹ́ kan ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Òkukù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọjọ́ kan ṣáájú, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Monday's interview has been put off. Check your email."

"Put off the light" ni mo gbọ́ dàgbà nílé. Mo ní ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn. Dátà mi ti tán, n ò wo ímeèlì kankan.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jọ pè wá pè mí láti Ìkìrun: "Ṣé o ti wọkọ̀?" Mo ní ọkọ̀ ibo? Kí n tó fi ọ̀kadà sáré dé Òkukù, wọ́n ti pe orúkọ mi kọjá.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ mẹ́ta ni "put off" ń ṣe. Àkọ́kọ́, kéèyàn sún nǹkan síwájú: "They put off the wedding." Ìkejì, kéèyàn pa iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "turn off" tàbí "switch off" ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ìkẹta, kí nǹkan súni: "The smell put me off", òórùn yẹn ò jẹ́ kó wù mí mọ́. Èyí tí wọ́n bá fagi lé pátápátá, "call off" ni.

Ibi tá a ti ń ṣìnà ni pé à ń tú "put" lọ́tọ̀, "off" lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá náà ní irú ẹ̀. Nínú "tàn jẹ", ta ló ń jẹun níbẹ̀? A sì máa ń la ọ̀rọ̀ náà sí méjì: "Ó tàn mí jẹ." Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "Ó tàn jẹ mí." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "put it off" ṣe rí, "put off it" ò sí.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí i lórí fóònù yín, ẹ wo ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé: ṣé iná ni, àbí ọjọ́, àbí ọkàn èèyàn? Tó bá jẹ́ ọjọ́ ni, ẹ tètè béèrè ọjọ́ tuntun. Ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ó dìgbà kan ná.