Ìdíje Ìwé àti Ìrìn-Àjò Ọmọ Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni. Gbogbo wa ni a mọ ìwé èsì ìdánwò tí a ń kọ ipò sí, láti ẹni kìn-ín-ní dé ẹni ìkẹyìn. Ìdíje kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ọmọ ọdún 16 máa wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni wo olè nítorí máàkì méjì.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama kan ní Ìbàdàn, ọmọkùnrin méjì kan wà ní kíláàsì mi tí wọn kì í jẹ́ kí ojú ara wọn tó ìwé ara wọn. Bí ọ̀kan bá gba ipò kìn-ín-ní ní sáà yìí, èkejì a gbà á ní sáà tí ó tẹ̀ lé e. A kó wọn lọ wo ìsun omi gbígbóná Ìkògòsì ní ilẹ̀ Èkìtì. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe: mo ní kí oníkálukú kọ ìròyìn ìrìn-àjò náà, n óò sì fún un ní máàkì. Láti Ìbàdàn dé Iléṣà, bí àwọn yòókù ti ń kọrin, orúkọ ìlú ni àwọn méjì yìí ń kọ sílẹ̀.

Kété tí a kúrò ní Iléṣà, ọkọ̀ wa kú. Awakọ̀ ní kí a tì í. (Èmi náà tì í, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.) Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbà, ó tu èéfín dúdú lu àwọn méjèèjì.

“Ojú rẹ dà bí ìdí ìkòkò!”

“Tìrẹ ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní Ìkògòsì, omi náà gbóná níbi tí ó ti ń sun. Níbi tí ó ti pàdé omi tútù, ooru rẹ̀ ń dínkù. Wọ́n ti ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, èkejì bọ tútù. Ọ̀kan béèrè ohun tí ó ń mú omi gbóná. Èkejì ṣàlàyé pé omi tí ó bá rìn jìnnà wọ inú ilẹ̀ ni ooru abẹ́ ilẹ̀ ń sè. Ní àná, ìbá fi í pamọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi máàkì lé ìrìn-àjò. Mo fagi lé tèmi kí a tó padà délé. Ní sáà kejì, wọ́n tún du ipò kìn-ín-ní kíkankíkan, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ti ń kàwé. Wọ́n sì kọ ìròyìn náà fún mi, ẹyọ kan ṣoṣo. Ọwọ́ ìkọ̀wé méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn ní ojú ewé kẹta lórí ẹni tí ojú rẹ̀ dúdú jù.