Nangbéto, abúlé etí odò Mono

Nangbéto la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Kò jìnnà sí Atakpamé. Etí odò Mono ló wà.

Ṣé ẹ rántí bí odò náà ti rí tẹ́lẹ̀? Nígbà òjò, a kún bo bèbè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà títí kò fi ní í fẹ́ ṣàn mọ́.

Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Tógò àti Benin ló jọ ni iṣẹ́ náà, lábẹ́ CEB, ilé-iṣẹ́ iná tí ilẹ̀ méjèèjì dá sílẹ̀ ní 1968. Iṣẹ́ parí ní 1987. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ògiri ńlá dá omi dúró, omi ga. Wọ́n ṣí ọ̀nà fún un, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ń yí ẹ̀rọ méjì. Ibẹ̀ ni iná ti ń jáde, 65 mẹ́gáwáàtì.

Omi tó dúró di adágún. Bí ó bá kún, fífẹ̀ rẹ̀ tó ilẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 13 ní gígùn àti 13 ní ìbú.

Ilé ńkọ́? Oko ńkọ́? Nǹkan bí 10 000 ènìyàn ni omi lé kúrò nílé. Wọ́n kó lọ sí abúlé tuntun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kò tó. Láyé àtijọ́, a dáko, a sì fi í sílẹ̀ kó sinmi lọ́dún púpọ̀. Níbi tuntun, èrò pọ̀, kò sí àyè ìsinmi. Ẹ̀yin alára mọ ilẹ̀ tí kì í sinmi: iṣu rẹ̀ a kéré, àgbàdo rẹ̀ a pọ́n. Ní tèmi, ilẹ̀ oko ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, kí wọ́n tó sọ ti ilé.

Omi tó gba oko mú ẹja wá o. Àwọn apẹja wá láti ibòmíràn pẹ̀lú ọkọ̀ igi àti àwọ̀n. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ mọ̀, kò mọ ọkọ̀. (Ẹ wo àmì orí ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa.) Ta ni yóò kọ́ ọ ní àwọ̀n jíju lọ́jọ́ orí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́: lábúlé tiyín, ọdún mélòó ni ilẹ̀ fi ń sinmi báyìí? Nígbà àwọn bàbá yín ńkọ́?