Sáà baseball tí mo fi di rédíò bàbá mi

Bóyá inú dáńfó lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́, bóyá ẹ ti ki earpiece bọ etí kan tí ẹ ń díbọ́n pé ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì, ẹ káàbọ̀. Kò sí àlejò lórí ètò lónìí, èmi nìkan ni. Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò àwọn ọmọ mi sórí Instagram, pẹ̀lú akoto ńlá lórí wọn, lẹ ti ń bi mí pé ọmọ Ìbàdàn wo ló ń gbá baseball. Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Houston là ń gbé, ní Texas. Ní ọdún 2023, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 4. A fi àwọn méjèèjì sínú tee-ball, ìyẹn baseball àwọn ọmọ kékeré. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ. Orí ọ̀pá rọ́bà kan ni wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù kà, ọmọ á fi igi gbá a, á sì sáré.

Á sáré ni mo wí o, mi ò sọ ibi tó máa sá lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kó gbà, lọ sí base àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ kan gba ọwọ́ òsì. Òmíràn sá lọ bá ìyá rẹ̀. Òmíràn sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ gbá, ó gbé e mọ́ àyà, ó ní tòun ni. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ pápá, gbogbo wọn ló máa ń dà bo bọ́ọ̀lù bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ọmọ tèmi kò sí láàárín wọn. Ó ti lóṣòó, ó ń wo èèrà. Líìgì tiwa kì í sì í ka àmì ayò rárá, gbogbo ọmọ ló máa gbá, gbogbo ọmọ ló máa jẹ snack.

Oṣù kejì ọdún yẹn ni bàbá mi dé láti Ìbàdàn. Ojú ló gbé wọn wá. Fún ọdún mẹ́ta, gíláàsì lórí gíláàsì ni ilé ìwòsàn kan ń fún wọn nílé, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Dókítà tí a rí níbí wo ojú náà dáadáa, ó ní glaucoma ni.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀. Irú glaucoma tó wọ́pọ̀ jù kì í dunni. Iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ ló máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ni ìríran sì ti máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni náà á ṣì máa ka WhatsApp rẹ̀, kò ní mọ̀ pé etí ayé ti ń pòórá. Èyí tó bá lọ kì í padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú tàbí iṣẹ́ abẹ lè ran èyí tó kù lọ́wọ́. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń tẹ̀lé ẹbí.

Tí a bá dé pápá, bàbá mi ń rí bọ́ọ̀lù lórí ọ̀pá. Wọ́n ń rí ọmọ tó gbé igi sókè. Àmọ́ kété tí igi bá ti kan bọ́ọ̀lù, àti ọmọ àti bọ́ọ̀lù á pòórá. "Ibo ló lọ?" "Ọwọ́ òsì, sà." Kí wọ́n tó yí orí síbẹ̀, ọmọ mìíràn ti wà nídìí ọ̀pá.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ́mẹ́ńtárì. Ẹnu ni mo ṣáà fi ń jẹun. Bàbá mi náà sì jẹ́ ọmọ rédíò. Orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ bí IICC Shooting Stars ṣe gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Títí dòní, tí wọ́n bá ń ròyìn Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, wàá rò pé ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n dúró sí.

Mo jókòó sí etí wọn: "Ó ti gbé igi o. Ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ó tún ń wo ìyá rẹ̀. Ó fì í... ọ̀pá ló gbá! Bọ́ọ̀lù jábọ́ síwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kóòṣì ní kó tún un gbá." Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàbá mi ti ń bá mi jà. "Ta ló wà ní base kejì? O ò sọ fún mi pé ó ti kúrò!" Wọ́n ní eré wo ni kò ní olúborí. Nítorí náà mo ń ka àmì ayò fún wọn ní bòókẹ́lẹ́. Ìyàwó mi ní mo máa ń bù kún tiwa. Mi ò ní fèsì sí ìyẹn lórí ètò yìí.

Ọmọbìnrin mi ló mọ eré náà jù. Ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù bíi pé ó jẹ ẹ́ lówó. Ẹ sì wò ó, Little League, tí Carl Stotz dá sílẹ̀ ní Pennsylvania lọ́dún 1939, ṣòfin ní 1951 pé ọmọbìnrin ò gbọ́dọ̀ gbá a. Ọdún 1974 ni wọ́n tó yí i padà, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Maria Pepe, ọmọbìnrin Hoboken ní New Jersey, dé iwájú òfin. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe òfin yẹn ò tíì rí ọmọ tiwa." (Ọ̀sẹ̀ tí snack kàn wá, puff-puff ni ìyàwó mi gbé lọ. Ó tán kí eré tó tán.)

Ọmọ tó ń wo èèrà wá ńkọ́? Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn kì í sọ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ, àmọ́ òyìnbó ló fi ń dá wa lóhùn. Ní oṣù karùn-ún, ó gbá bọ́ọ̀lù kan tó lọ jìnnà díẹ̀. Mo la ẹnu láti ròyìn rẹ̀, kí n tó sọ̀rọ̀, ohùn kan ti dún láti orí base àkọ́kọ́: "Bàbá àgbà! Mo wà níbí!" Bàbá mi yí orí sí ohùn náà. Ó sá dé base kejì, ó dúró ṣinṣin: "Mo wà níbí!" Ọmọ tó tẹ̀lé e gbá tirẹ̀, ọmọ mi dé ìkẹta, ó tún pariwo. Bàbá mi ti na ìka, wọ́n ń nà án tẹ̀lé e. Kóòṣì bi mí pé kí ló ń wí. Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tó ti ń gbọ́ wa. Mo rò pé èèrà ló ń wò.

Bàbá mi padà sílé ní oṣù keje. Ojú òsì ti lọ báyìí. Tọ̀tún kù bí ihò kọ́kọ́rọ́, oògùn ń lọ lórí ẹ̀. Èmi náà lọ yẹ ojú mi wò. Wọ́n ní ìfúnpá inú rẹ̀ ga díẹ̀, ọdọọdún ni mò ń padà lọ. Tí ó bá ti ṣe bàbá tàbí ìyá yín, tàbí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ lọ yẹ tiyín náà wò, kódà tí ẹ bá ń rí kedere.

Ìdíje ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé níbí, tó jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn, mo máa ń pe bàbá mi. Sátidé tó kọjá, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọmọbìnrin mi, kó máa bá eré lọ. Wọ́n ní èmi ń sọ̀rọ̀ jù, mi ò jẹ́ káwọn gbọ́ ìró igi.