Òkúta Jos àti Ohun tí ń Gba Iná Pamọ́



Òkúta dúdú kan ń bẹ ní ilẹ̀ Jos tí à ń pè ní columbite. Àwọn tí ń wa tánganran kọ́kọ́ kà á sí pàǹtí. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1950, Nàìjíríà ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí niobium.

Ní àwọn ọdún 1950 kan náà, Smolenskii àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leningrad pa niobium pọ̀ mọ́ òjé àti magnesium, wọ́n sì sun ún bí ìkòkò. Ohun tí ó jáde ń gba iná mànàmáná pamọ́ lọ́nà àrà. Irú rẹ̀ ni à ń pè ní relaxor.

Kí ni àrà náà? Barium titanate dà bí ìlú tí gbogbo ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan. Bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 120 ti Celsius, gbogbo wọn a tú ká lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀ gan-an ni agbára ìgbanápamọ́ rẹ̀ ga ṣóńṣó. Relaxor kò rí bẹ́ẹ̀. Magnesium àti niobium jókòó láìlétò sí irú àyè kan náà nínú rẹ̀, nítorí náà ó pín sí agbo kéékèèké, bí agbo ilé Ìbàdàn, olúkúlùkù pẹ̀lú Mọ́gàjì tirẹ̀. Bí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ bá rọra, gbogbo agbo a bá a jó. Bí ó bá yára, àwọn tí ó wúwo a kù sẹ́yìn, àfi bí ooru bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí òkè agbára rẹ̀ fi tẹ́ gbẹrẹsẹ, tí ó sì ń sún síhà ooru bí iná ti ń yára sí i. Lónìí, ìdàpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú titanium wà nínú ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn fi ń wo inú ara.

Ní ọdún 1982, Swartz àti Shrout ní Amẹ́ríkà rí i pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ sun magnesium àti niobium pọ̀, kí òjé tó wọ̀ ọ́, kí ìdàpọ̀ má baà bàjẹ́. Nítorí pé ètò ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sun náà bá ti òkúta wa mu, ọ̀nà columbite ni a sọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà, orúkọ òkúta wa wọ ìwé ọgbọ́n. Ọmọ wa dà? Ẹni tí ó ta amọ̀ ni yóò ra ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí a pèsè ààrò àti òṣùwọ̀n fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ọmọ tí ó ń bọ̀ lè mọ amọ̀, kí wọ́n sì lè mọ ìkòkò.