Ẹ Bá Wa Wo Ẹ̀yìn Ọmọ Tó Ń Bàlágà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùtọrẹ àti alágbàtọ́ sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá dá lórí àìsàn kan tí kì í sábà dun ọmọ, ṣùgbọ́n tó ń mú kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ nígbà tó bá ń bàlágà. Scoliosis ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Eegun ẹ̀yìn tó yẹ kó tọ́ yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì tún lọ́ bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tí a fọ̀. Nínú 100 ọmọ tó ń bàlágà, bíi 2 tàbí 3 ló máa ń ní in. Ti ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í le, ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin ló sábà máa ń burú sí i. Ní ti ọ̀pọ̀ jù, a kò tíì rí ohun tó fà á. Kì í ṣe àpò ìwé tó wúwo, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òbí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní abuké.

Kí ló kan ẹgbẹ́ wa níbẹ̀? Ìyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ fura, nígbà tí aṣọ Iléyá bá gùn lápá kan ju èkejì lọ lára ọmọ. Ta ni yóò fura fún ọmọ tí kò ní ìyá? Ọmọ ọdún 12 ti ń dá wẹ̀, hìjáábù sì ti bo ẹ̀yìn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Kí ọmọ pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó wà ní rúkúù, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Kí alágbàtọ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, obìnrin fún ọmọbìnrin, ọkùnrin fún ọmọkùnrin. Bí ìhà kan bá yọ ga ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ẹ́síréè. Láti dígírì 10 lọ sókè ni wọ́n ń kà á sí scoliosis.

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n bí obìnrin kan, Katharina Schroth, ní 1894. Òun fúnra rẹ̀ ní àìsàn yìí. Ó ṣàkíyèsí bí bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ ṣe ń yọ padà bí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú dígí, ó ń mí sí apá ibi tí àyà rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Ní 1921 ó ṣí ilé ìtọ́jú ní Meissen. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Christa Lehnert-Schroth, bá a gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú, wọ́n sì ń lò ó di òní.

Ọmọ yóò na ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, yóò fi èémí kún ìhà tó tẹ̀, yóò sì mú iṣan le kí ìdúró náà má bàa bọ́. Bí ẹ̀yìn ṣe wọ́ yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ, nítorí náà oníṣẹ́ físíò ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní tirẹ̀, kí ọmọ sì máa ṣe é nílé lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù gbígbá kò lè dípò rẹ̀. Ìrun wa náà, ọ̀ranyàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú èyí.

Ní Ìtálì, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 lo 110 ọmọ tí tiwọn kò tíì le. Àwọn tó ṣe irú eré ìdárayá yìí rí ìdínkù bíi dígírì 5. Àwọn tó ṣe eré ìdárayá lásán kò rí i. Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ohun tó ju agbára lọ. Bó bá ti wà láàárín dígírì 25 sí 40 tí ọmọ ṣì ń dàgbà, bíréèsì ni wọ́n máa ń fi kún un. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà àti Kánádà tó jáde ní 2013, 72 nínú 100 àwọn tó wọ bíréèsì ni tiwọn kò dé ibi iṣẹ́ abẹ. Láìsí bíréèsì, 48 ni. Bó bá kọjá 45 sí 50, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń sọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àkókò ni gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ bá ti dàgbà tán, àǹfààní bíréèsì ti lọ. Owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ físíò, owó ẹ́síréè àti dígí gígùn kan lára ògiri, gbogbo wọn kò tó owó iṣẹ́ abẹ. UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka físíò. Ọmọ òrukàn tó jẹ́ aláìní, sàká tọ́ sí i. Èyí tí bàbá rẹ̀ fi ogún sílẹ̀ fún, kí alágbàtọ́ fi ogún rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Sàráà yín náà lè gbé e.

Bí a bá délé lónìí, kí á wo ẹ̀yìn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa, kí Ó sì fi àlàáfíà bo àwọn ọmọ náà. Àmín.