Bí A Ṣe Ń Pàṣẹ fún Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà
(Ọ̀rọ̀ akọ̀wé níbi ìpàdé ẹ̀ka)



Orúkọ gbogbo wa ti kúrò nínú rẹ́jístà, ó ti bọ́ sínú Google Sheets. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú la ṣì ń fi wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, èrè wo la jẹ? Bí ìlú bá dàrú lóru, tí a fẹ́ pe àwọn èèyàn wa tó ń gbé àdúgbò kan, ojú kò lè yá tó. Àṣẹ ni kí a kọ fún ẹ̀rọ.

Ẹ ṣí ojú-ewé tuntun nínú ìwé náà, kí ẹ tẹ èyí sínú àpótí àkọ́kọ́:

=FILTER(Iwe!A2:C400, Iwe!B2:B400="Sabo")

"Iwe" ni ojú-ewé tí orúkọ wà. Òpó A ni orúkọ, B ni àdúgbò, C ni fóònù. Gbogbo ará Sabo yóò tò jáde lẹ́ẹ̀kan. Excel 2021 náà mọ àṣẹ yìí, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Yorùbá a máa jẹ́ orúkọ mẹ́fà, a sì máa dáhùn gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. "Sabo", "Sábó" àti "Sabon Gari", àdúgbò mẹ́ta ni lójú rẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí gbogbo akọ̀wé máa gbà kọ ọ́.

Láti gbé e jáde, ẹ tẹ File, Download, kí ẹ mú CSV. Ojú-ewé tí ẹ ṣí nìkan ni yóò jáde, ìyẹn sì dára, nítorí CSV kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ti ka orúkọ àti àdúgbò wa nìyẹn. Ẹ má fi í sórí fóònù ẹni tí kò kàn.

Ẹ ṣọ́ òdo iwájú nọ́ńbà fóònù pẹ̀lú! Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Format, Number, Plain text, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ 0803 yóò di 803. Bí Excel bá sì ṣí CSV fúnra rẹ̀, yóò tún jẹ òdo náà. Data, From Text/CSV ni kí ẹ gbà, kí ẹ sọ òpó náà di Text.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹ lọ sí Extensions, Macros, Record macro. Ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè JavaScript, ẹ ó sì lè ṣí i kà nínú Apps Script. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó dúró lẹ́yìn ìpàdé, kí ó mú nọ́ńbà fóònù àwọn ará ilé rẹ̀ dání.